Láti Odò Ògùn dé Ọ̀sà: Bí Ìdílé Ti Lè Bá Amọ̀nà Lọ Pẹja

Àwọn àgbà a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní ìkejì tí a kì í sábà sọ: ó yẹ kí orísun pẹ̀lú mọ ibi tí odò rẹ̀ ń lọ. Àwa tí a ń gbé ní Òkè-Ògùn, ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ní Òkèhò àti Ìgbòho, ní Kíṣí àti Ìgbẹ́tì, ọmọ pápá ni wá. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni a mọ̀ ní oko. Aṣọ òfì ni a mọ̀ nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Bí a bá ti dárúkọ òkun, ọ̀pọ̀ nínú wa a rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó àti àwọn Ìlàjẹ ni, pé kò kàn wá. Nínú àròkọ yìí, a ó rí i pé ó kàn wá gidigidi. A ó tọ ipa odò wa dé ibi tí ó ti pàdé omi iyọ̀, a ó sì ṣe àlàyé bí ìdílé tí ó ti Òkè-Ògùn wá ti lè bá amọ̀nà lọ pẹja níbẹ̀, kí wọ́n gbádùn rẹ̀, kí wọ́n sì padà sílé ní pípé.

Odò Ògùn ṣẹ̀ láàárín àwọn òkè tí ó wà ní agbègbè Ṣakí, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bí 500 mítà ju ojú òkun lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù. Ó la ilẹ̀ pápá kọjá, ó gba ẹ̀bá Ìsẹ́yìn, ó la Abẹ́òkúta já, ó dé Ìṣẹ̀rí, títí tí ó fi gba ọ̀nà Àgbòyí dà sínú Ọ̀sà Èkó. Òfìkì, Ọ̀pẹ̀kí àti Ọ̀yán wà lára àwọn odò tí ń gbé omi wọn wá bá a lójú ọ̀nà. Bí ẹyẹ bá fò gbọnrangandan láti Ṣakí dé etí òkun, ìrìn rẹ̀ yóò lé ní 240 kìlómítà. Ṣùgbọ́n odò kì í rìn bí ẹyẹ. Ó ń yí apá òkè ká, ó ń wá ibi tí ó rẹlẹ̀, nítorí náà ni ìrìn Odò Ògùn fi tó nǹkan bí 480 kìlómítà kí ó tó sinmi.

Àwọn baba wa kò ní àwòrán ilẹ̀, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé odò yìí ń lọ sí òkun. Ìtàn Yemọja fi èyí hàn. Wọ́n ní obìnrin ni Yemọja, ó sì fẹ́ Òkèrè, pẹ̀lú ìlérí pé ọkọ rẹ̀ kò ní fi àbùkù ara rẹ̀ bú u láéláé. Ní ọjọ́ kan, ọtí pa Òkèrè, ó sì sọ ohun tí a ní kí ó má sọ. Yemọja bá sá jáde nílé, ó di odò, ó sì kọrí sí òkun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òkèrè sáré tẹ̀lé e, ó di òkè, ó dínà fún un. Ṣùgbọ́n Ṣàngó sán àrá, òkè náà là sí méjì, odò sì rí ọ̀nà lọ. Ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n ń gbà pa ìtàn yìí. Àwọn kan so ó mọ́ Abẹ́òkúta, àwọn mìíràn so ó mọ́ Ṣakí, nítorí Òkèrè ni orúkọ oyè ọba Ṣakí títí di òní. Ohun ìyanu kan sì tún ni pé nígbà tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil, Yemọja tí ó jẹ́ òrìṣà odò ní ilé di òrìṣà òkun ní ìdálẹ̀. Ní ìlú Salvador ní ilẹ̀ náà, ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún, àwọn apẹja ń gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ sí ojú òkun ní orúkọ rẹ̀. Odò tí ó ṣẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá òkun.

Kí ìdílé tó ronú lílọ sí ọ̀sà, ó dára kí wọ́n ti mọ ẹja pípa ní ilé. Adágún ńlá kan wà lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ìyẹn ni ti ìsédò Ìkèrè, tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní àkókò ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari. Ètò tí a ṣe ni pé kí ó lè gba omi tí ó tó 690 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì, fún omi mímu, fún oko àti fún iná mànàmáná. Ìsédò Ọ̀yán, tí a ṣí ní 1983 ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lè gba 270 mílíọ̀nù. Níbi tí a bá ti sé odò, omi yóò tẹ́jú, yóò sì dákẹ́. Ẹja yóò pọ̀ níbẹ̀, àwọn apẹja yóò sì tẹ̀dó sí etí rẹ̀. Bí a bá ka irú adágún bẹ́ẹ̀ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nípa ẹja pípa, ọ̀sà ni ilé-ìwé gíga.

Ẹja omi wa ní Òkè-Ògùn kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Àrọ̀ ni àkọ́kọ́. Ara rẹ̀ ń yọ̀, kò ní ìpẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ó sì ní ẹ̀yà ara kan ní orí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ìdí nìyí tí àrọ̀ fi lè pẹ́ nínú ẹrẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò bá ti di kòtò kéékèèké, tí àwọn ẹja mìíràn sì ti kú tán. Èkejì ni ẹ̀pìyà, ẹlẹ́gùn-ún lẹ́yìn, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀kẹta ni òjìjí, ẹja tí ń gbọn ọwọ́ ẹni jìgìjìgì bí iná mànàmáná, nítorí pé iná náà gan-an ni ó wà lára rẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni omi aláìníyọ̀ tẹ́ lọ́rùn.

Òkun yàtọ̀. Nínú kìlógíráàmù omi òkun kan, iyọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 35 gíráàmù. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìyá yín tí ó bu iyọ̀ sí ewúro tí a gé, ẹ mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí omi yóò fi máa sun jáde lára ewé náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iyọ̀ òkun ṣe ń fa omi kúrò lára ẹja. Nítorí náà ẹja òkun ń mu omi nígbà gbogbo, ó sì ń ti iyọ̀ tí ó pọ̀ jù jáde níbi tí ó fi ń mí. Ti ẹja odò jẹ́ òdì-kejì: omi ni ó ń fẹ́ wọ inú ara rẹ̀ láìdúró, nítorí náà ni ó ṣe ń tọ̀ púpọ̀. Bí a bá ju àrọ̀ Ìsẹ́yìn sínú òkun, kò ní pẹ́ kú; bí a bá sì ju ẹja òkun sínú odò wa, òun náà kò ní yè. Olúkúlùkù ni Ẹlẹ́dàá fún ní omi tirẹ̀.

Ọ̀sà ni ààlà àwọn méjèèjì. Ọ̀sà Èkó gùn ju 50 kìlómítà lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3 kìlómítà níbi kan, ó sì tó 13 níbòmíràn. Lápá kan, àwọn odò bí Ògùn ń tú omi dídùn sínú rẹ̀. Lápá kejì, òkun ń gba ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó wọlé wá. Nígbà òjò, nígbà tí odò bá kún, omi ọ̀sà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò wa bá ti fà, iyọ̀ òkun a máa tì wọlé jìnnà. Ẹ kíyè sí èyí: òjò tí ó rọ̀ tàbí tí kò rọ̀ ní Òkè-Ògùn wà lára ohun tí ń pinnu irú ẹja tí apẹja yóò rí ní ọ̀sà. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ẹja òkun bí kúta àti àpò a máa wọ inú ọ̀sà wá jẹun. Ọ̀bọ̀kún àti àtòkò wà níbẹ̀, akàn àti edé wà níbẹ̀. Irú ẹ̀pìyà kan sì wà tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, tí ó lè gbé inú omi iyọ̀, tí ó sì lè gbé inú omi dídùn. Bí abo rẹ̀ bá yé ẹyin tán, akọ ni í kó ẹyin náà sí ẹnu, yóò sì máa gbé wọn kiri títí wọn yóò fi di ọmọ; ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, agbára káká ni yóò fi jẹ ohunkóhun. Bàbá tí ń tọ́jú ọmọ ni ẹja náà.

Ohun kan tún wà ní ọ̀sà tí kò sí ní adágún wa, ìyẹn ni kíkún àti fífà omi. Agbára òṣùpá àti ti oòrùn ni ó ń fa omi òkun sókè tí ó sì tún ń jẹ́ kí ó padà sílẹ̀. Ní etí òkun wa, omi a máa kún lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Láti ìgbà tí omi bá kún dé ìgbà tí yóò tún kún, ó tó wákàtí méjìlá àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Nítorí náà, bí omi bá kún ní agogo méje òwúrọ̀ òní, ní ọ̀la yóò di nǹkan bí agogo mẹ́jọ kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó kún. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, oòrùn àti òṣùpá a pawọ́ pọ̀, kíkún omi a ga, fífà rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹja mọ gbogbo èyí. Bí omi bá ń rìn, ó ń gbé oúnjẹ kiri, ẹja a jáde wá jẹun. Bí omi bá dúró sójú kan, ọ̀pọ̀ ẹja a dákẹ́. Apẹja tí kò mọ ìgbà tí omi ń rìn dàbí ẹni tí ó gbé igbá lọ sí ọjà ní ọjọ́ tí a kò ná an.

Ìdí nìyí tí a fi nílò amọ̀nà. Amọ̀nà lórí omi lè jẹ́ ọmọ Àwórì, Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ tàbí Ègùn, tí wọ́n bí sí etí omi. Ó mọ ibi tí omi jìn àti ibi tí yanrìn ti ga tó ìdí ọkọ̀. Ó mọ ibi tí igi àwọn ẹlòmíràn wà lábẹ́ omi, nítorí kì í ṣe gbogbo omi ni ó jẹ́ ti gbogbo ayé. Àwọn apẹja kan a máa ri ẹ̀ka igi mọ́ inú ọ̀sà kí ẹja lè fi í ṣe ilé, kí wọ́n tó wá fi àwọ̀n yí i ká lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ní ilẹ̀ Benin, ní Ganvié tí a kọ́ sí orí omi Nokoué, irú iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ púpọ̀. Àkájà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ju ìwọ̀ sí inú àkájà ẹlẹ́ni, oko olóko ni ó wọ̀. Amọ̀nà ni yóò gbà wá lọ́wọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wo ìdílé kan tí ó ti Ìsẹ́yìn wá: bàbá àgbà kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, aya ọmọ náà, àti ọmọ mẹ́ta tí èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga. Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ ti ń dín kù. Wọ́n dé etí ọ̀sà ní ìdájí, nítorí amọ̀nà ti kìlọ̀ fún wọn pé bí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná tán, afẹ́fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ láti òkun wá, ìgbì yóò sì dìde ní ọ̀sán. Amọ̀nà yìí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá àgbà, ó kí gbogbo wọn, lẹ́yìn náà ni ó pín láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó, fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fẹ́ wọ tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n wẹ̀," ni ó wí. "A máa ń lúwẹ̀ẹ́ ní odò wa."

"Àbúrò mi, ó dára púpọ̀," ni amọ̀nà dáhùn. "Òmùwẹ̀ ni í kú sómi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í bá omi jà. Wọ̀ ọ́, kí o so okùn rẹ̀ dáadáa."

Ó wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ amọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí ó bá ṣubú sómi lè fi orí gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ó tó bọ́ sínú omi. Ìgbà náà kò sí ìwẹ̀ tí yóò rántí. Omi tí ń fà sí òkun pẹ̀lú lágbára ju apá ènìyàn lọ. Ẹ̀wù náà yóò gbé orí rẹ̀ sókè títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ tí ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, tí a dá sílẹ̀ ní 2008, ń tẹnu mọ́ ọn pé kí gbogbo èrò ọkọ̀ máa wọ̀ ọ́. Kí ọmọ Òkè-Ògùn má ṣe rò pé òfin ará Èkó ni; ọkọ̀ tí ń gbé ènìyàn kọjá adágún àti odò wa nílò rẹ̀ bákan náà.

Wọ́n wọ ọkọ̀. Àwọn tí ó wúwo jókòó sí àárín, a pín ìyókù sí ọ̀tún àti òsì kí ọkọ̀ má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn kò tíì lọ jìnnà tí bàbá àgbà fi gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí ó fẹ́ dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dìde," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí.

"Ọmọ mi, ṣé n kò lè na ẹsẹ̀ mi ni?"

"Ẹ lè nà án, Bàbá, ṣùgbọ́n ní ìjókòó ni. Bí ẹ bá dìde, gbogbo wa ni a ó jọ wẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ ńlá kan wà. Nínú àṣà wa, àgbà ni í pàṣẹ, ọmọdé ni í gbọ́. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni ó kọ́ wa pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lórí ilẹ̀, bàbá ni olórí ìdílé. Nínú ọkọ̀, ẹni tí ó mọ omi ni olórí. Amọ̀nà tí ó gbọ́n kò ní tìtorí èyí wọ́ àgbà nílẹ̀: yóò fi ọ̀wọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Àgbà tí ó gbọ́n kò sì ní wo ọjọ́ orí ẹni tí ń sọ ọ́. Ọkọ̀ tí ó ní olórí méjì kì í pẹ́ dojú dé.

Ohun èlò wọn kò pọ̀. Okùn ìwọ̀ ni, àti ìwọ̀, àti òjé kékeré tí ń fa ìwọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, àti ìjẹ. Ní odò wa, ekòló ni a sábà ń fi ṣe ìjẹ; ní ọ̀sà, edé tútù tàbí ẹja kékeré ni ó dára jù. Amọ̀nà kọ́ wọn láti wo ẹ̀yìn kí wọ́n tó ju okùn, kí ìwọ̀ má baà kọ́ ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn wọn. Ó kọ́ wọn láti fi ìka kan gbé okùn dání jẹ́jẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹja bá tọ́ ọ wò. Bí ẹja bá gbé e mì, a ó fà á lẹ́ẹ̀kan kí ìwọ̀ lè dé ẹnu rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà a ó máa fà á bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá fà jù, a ó tú okùn sílẹ̀ fún un díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìbínú fa okùn, okùn já nìkan ni yóò rí. Bí ó bá jẹ́ kúta ni a ń wá, wáyà tín-ínrín ni a ó so mọ́ òkè ìwọ̀, nítorí eyín rẹ̀ dàbí ayùn. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀bọ̀kún ni ó jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ lásán gbá a mú: ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti ìhà rẹ̀ le, ó sì ń dunni gidigidi. Aṣọ tí ó nípọn ni a fi ń dì í mú.

Ìyá àwọn ọmọ ni ó kọ́kọ́ rí ẹja pa, nítorí pé òun ni ó ní sùúrù jù. Nígbà tí ó ṣe, àbíkẹ́yìn fa ẹ̀pìyà kan jáde tí kò gùn tó ìka ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ jù ú sínú agbọ̀n. Amọ̀nà ní kí ó rin ọwọ́ rẹ̀, kí ó yọ ìwọ̀ jẹ́jẹ́, kí ó sì dá ẹja náà padà sómi. Ọmọ náà fajú ro. Bàbá rẹ̀ bá bi í pé, "Bí a bá sè é, àwa mélòó ni yóò jẹ ẹ́?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ẹja tí kò tíì bímọ rí, bí a bá pa á, a ti pa ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há jù ń ṣe: kì í mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà.

Nígbà tí oòrùn ga, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí jẹ dáadáa. Bàbá àgbà kò fẹ́ padà mọ́. Ṣùgbọ́n amọ̀nà wo ojú omi, ó rí i pé ó ti ń hó funfun lókèèrè, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá pé àkókò tó láti yí padà. Bàbá wo agbọ̀n, ó wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì wí pé, "Ìwọ ni o mọ̀ ọ́n. Wà wá lọ." Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni ó ṣe pàtàkì jù ní gbogbo ọjọ́ náà. Nígbà tí ẹja bá ń jẹ ni ó ṣòro jù láti gbọ́ràn, ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ewu ń wáyé lórí omi.

Bí wọ́n bá ti padà sí Ìsẹ́yìn, ẹ̀kọ́ kò tíì tán. Àwa ará òkè a máa bẹ̀rù òkun, a kì í sì bẹ̀rù odò ẹ̀yìnkùlé wa. Síbẹ̀, ewu kan wà ní odò tí kò sí ní òkun. Àrùn tí a ń pè ní àtọ̀sí ajá, tí ó ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀, inú omi dídùn ni ó ti ń wá. Ìgbín kékeré kan tí ń gbé inú omi bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀ dàgbà; bí kòkòrò náà bá jáde, yóò lu awọ ara ẹni tí ó wà nínú omi wọlé. Lẹ́yìn tí a sé odò Ọ̀yán, àwọn oníwádìí rí i pé àrùn yìí pọ̀ gidigidi ní àwọn abúlé tí ó yí adágún náà ká, pàápàá láàárín àwọn ọmọdé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pẹja ní odò wa, orí ọkọ̀ tàbí orí àpáta ni kí ó dúró sí. Kí ó má ṣe rì ẹsẹ̀ bọ omi tí ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ̀ sínú odò, nítorí inú ìtọ̀ aláìsàn ni ẹyin àrùn náà wà. Ẹni tí ó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe fi í pamọ́. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn.

Èyí tí ó burú jù ni májèlé. Àwọn kan wà tí kò ní sùúrù fún ìwọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò bá di kòtò, wọn a da oògùn tí a fi ń pa kòkòrò lóko sínú omi, wọn a sì ṣa òkú ẹja. Gammalin, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò ara kòkó, jẹ́ ọ̀kan tí a fi ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ wa. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi lindane, tí ó wà nínú rẹ̀, sí ara àwọn kẹ́míkà tí ó yẹ kí a fòpin sí. Májèlé kì í mọ ẹja yàtọ̀ sí ọmọ ẹja, kì í mọ ẹja yàtọ̀ sí màlúù tí ó wá mumi, kì í sì í mọ màlúù yàtọ̀ sí ènìyàn. Nígbà tí òjò bá sì rọ̀, omi yóò gbé ìyókù rẹ̀ gba ọ̀nà tí a ti là sílẹ̀ lókè: láti Òkè-Ògùn dé Abẹ́òkúta, láti Abẹ́òkúta dé Ìṣẹ̀rí, títí dé ọ̀sà.

Ní ìhà tiwọn, àwọn apẹja etí òkun ní òfin tí ń dáàbò bò wọ́n. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fi máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etí omi sílẹ̀ fún àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kéékèèké, kí àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun má baà gbá gbogbo ẹja ibẹ̀ lọ. Ní Argungu pẹ̀lú, ní ìhà àríwá, níbi tí ọdún ẹja pípa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1934, a kì í fọwọ́ kan ẹja odò náà títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé. Ṣùgbọ́n kò sí òfin etí òkun tí ó lè gba ẹja lọ́wọ́ ohun tí a bá dà sí omi láti orísun. Àwa tí a wà lókè ni a ó ṣe òfin náà fún ara wa.

Láti tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, kò ṣeé ká mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹja tútù. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti bá ìdílé yín dé ọ̀sà, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, ẹ gbọ́ràn sí amọ̀nà lẹ́nu, kí ẹ sì dá ẹja kékeré padà sómi. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ kúrò ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn láé, ẹ rántí pé ẹnìkan tí ẹ kò mọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ odò yín, ó ju àwọ̀n, ó sì ń retí ohun tí ẹ óò fi ránṣẹ́ sí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀.